Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Hàn Pé Tiyín Ni Fóònù àti Lápútọ́ọ̀pù Tí Ẹ Gbé Ti Ìrìn Àjò Dé

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn aṣọ́bodè nígbà tó bá rí lápútọ́ọ̀pù nínú báágì yín ní pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe ní Àbújá: ṣé Nàìjíríà lẹ ti gbé e lọ, àbí ibi tí ẹ lọ lẹ ti rà á? Ohun tí èèyàn ti ń lò, tó gbé jáde tó sì tún ń gbé padà wálé fún ìlò ara rẹ̀, kì í san owó ẹnubodè. Ẹrù tuntun tí a rà bọ̀, pàápàá tó bá pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè lò lọ, ti kúrò ní bẹ́ẹ̀. Aṣọ́bodè ò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ra ẹ̀rọ yín. Ìwé tí ẹ bá fi hàn án ni yóò gbà gbọ́, ìwé yẹn sì gbọ́dọ̀ ti wà kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ wá nọ́ńbà ara ẹ̀rọ

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Fóònù méjì lè jọra bí ìbejì, àmọ́ nọ́ńbà wọn ò lè jẹ́ ọ̀kan. Lórí fóònù, ẹ tẹ *#06# bí ẹni tó fẹ́ pe èèyàn. IMEI, nọ́ńbà onídíjíìtì 15, yóò yọ fúnra rẹ̀ láìtẹ bọ́tìnnì ìpè. Fóònù onísíìmù méjì sábà máa ń ní IMEI méjì, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ti lápútọ́ọ̀pù sábà máa ń wà ní abẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ "S/N" sí, ìyẹn nọ́ńbà ara ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ ìwé pélébé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ó máa ń ṣí tàbí kó parẹ́ tó bá pẹ́, ẹ má dúró dìgbà yẹn. Lórí Mac, ẹ tẹ àmì Apple lókè lápá òsì, kẹ́ ẹ wọ About This Mac. Lórí Windows, ẹ ṣí PowerShell, ètò tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ẹ tẹ Get-CimInstance Win32_BIOS, kẹ́ ẹ wo ìwájú SerialNumber. Kámẹ́rà ní tiẹ̀ ní ìdí, nítòsí ihò tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́ǹsì tó ṣeé yọ náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í rántí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ lẹ́ǹsì mìíràn wọ́n ju kámẹ́rà lọ.

Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ya ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, kí ibi tó ti họ tàbí tó ti sán hàn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, ó kéré tán ní ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ìdí tí mo fi ní ímeèlì ni pé èèyàn lè yí ọjọ́ orí fọ́tò padà nínú fóònù, àmọ́ ọjọ́ tí ímeèlì wọlé kò rọrùn láti fọwọ́ kàn. Ẹ gbé ọjọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ ìjáde tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù yín: bí ímeèlì bá ṣáájú òǹtẹ̀, á jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà. Àríyànjiyàn kì í pọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Rìsíìtì tó ní nọ́ńbà nínú

Bí ẹ bá ra lápútọ́ọ̀pù ní Banex ní Wuse 2, tàbí fóònù ní Farm Centre ní Kánò, ìwé tí ọlọ́jà sábà máa ń já fúnni kò ju "HP Laptop, 1" lọ, pẹ̀lú iye owó àti ìbuwọ́lùwé kan tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Kò sí lápútọ́ọ̀pù HP kan láyé tí ìwé yẹn ò lè jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ní kó kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, irú ẹ̀rọ náà gan-an, ọjọ́, àti S/N tàbí IMEI. Á ní, "Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ti tó." Ẹ dúró tì í. Ẹ ka nọ́ńbà náà fún un díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín sì wà lẹ́nu bírò rẹ̀, torí pé òdo àti lẹ́tà O máa ń pààrọ̀ ara wọn lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú, 5 náà sì lè di S.

Rìsíìtì tí ẹ̀rọ ìsanwó tẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ooru ló fi ń kọ̀wé, ooru àti oòrùn náà ló sì ń pa ìwé ọ̀hún rẹ́. Ẹ gbàgbé ọ̀kan sí iwájú mọ́tò nínú oòrùn oṣù kẹta ní Àbújá, ẹ máa rí i. Ẹ yà á ní fọ́tò lọ́jọ́ tí ẹ gbà á.

Ẹni tó ra àlòkù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí ará àdúgbò kò ní rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù, kò sì burú. Kí ẹni tó tà á kọ ìwé kékeré pé òun ta ẹ̀rọ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ báyìí-báyìí fún lágbájá, kó kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà fóònù tirẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Bí rìsíìtì tirẹ̀ bá ṣì wà, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ọn.

Bí rìsíìtì bá ti sọnù

Ẹ wá inú ímeèlì yín tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rà á. Ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ owó láti báǹkì fún oṣù tí ẹ sanwó. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀rọ yẹn wo ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe é: Apple, HP, Dell àti Lenovo ní ibi tí èèyàn ti lè tẹ nọ́ńbà wọlé láti mọ bí wáráńtì rẹ̀ ṣe jẹ́. Ẹ̀rọ tí wáráńtì rẹ̀ ti tán láti èṣí kò jọ ohun tí ẹ rà ní Dubai ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Àwọn mìíràn máa ń lọ búra ní kóòtù, wọ́n á gba àfidáfíìtì. Ó ní ìwúlò tirẹ̀ bí nọ́ńbà ẹ̀rọ bá wà nínú rẹ̀, tí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó rìnrìn àjò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara yín náà ni, òǹtẹ̀ ló kàn wà lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé gbogbo ara lé e. Ẹ wọ inú kóòtù lọ bá òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é, ẹ má gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń dá oníbàárà dúró lẹ́nu géètì.

Ohun ọ́fíìsì, àti "ẹ bá mi mú un dé Àbújá"

Òṣìṣẹ́ pọ̀ ní Àbújá tó jẹ́ pé ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ ló ni lápútọ́ọ̀pù ọwọ́ wọn. Ẹ gba lẹ́tà lórí ìwé tó ní orúkọ ọ́fíìsì, kí nọ́ńbà ẹ̀rọ àti orúkọ yín wà níbẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó le ni tẹbí tọ̀rẹ́. Ẹ ku ọjọ́ méjì kí ẹ padà láti Lọ́ńdọ̀n tàbí Mẹ́kà, fóònù yín á dún: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, fóònù kan péré ni, ẹnì kan máa gbé e wá bá yín." Ẹni kejì á pè. Ẹni kẹta náà á pè. Kó tó di pé ẹ dé pápákọ̀, fóònù mẹ́rin tó ṣì wà nínú páálí, tí ọ̀rá ò tíì kúrò lára rẹ̀, ti wà nínú ẹrù yín, ẹ ò sì ní rìsíìtì kankan. Ojú oníṣòwò ni wọ́n máa fi wò yín, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ó tún burú sí i bó bá jẹ́ pé ẹ ò mọ ohun tó wà nínú páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pa, nítorí pé NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà wà ní pápákọ̀ kan náà. Bí ẹ ò bá lè sọ pé rárá, ẹ ṣí páálí náà lójú ẹni tó gbé e wá, ẹ gba rìsíìtì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún aṣọ́bodè láìfọ̀rọ̀ yípo pé ti lágbájá ni. Ẹ má pe ohun ẹlòmíì ní tiyín.

Bí ẹ ṣe máa dì í

Ẹ fi páálí sílẹ̀ nílé. Ẹ gbé gbogbo ẹ̀rọ sínú báágì ọwọ́. Páwà báǹkì kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú, èyí tí agbára rẹ̀ kò bá sì ju 100 Wh lọ ni wọ́n ń gbà wọlé láìgbàyè. Ẹ gba agbára iná sínú lápútọ́ọ̀pù kí ó lè tàn, torí pé orúkọ yín, iṣẹ́ yín àti fọ́tò ìkómọ ọdún tó kọjá tó wà nínú rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Ṣájà olórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò nílé náà dára lára ẹ̀rọ tí wọ́n bá ń fura pé Amẹ́ríkà ló ti wá.

Ẹ tẹ rìsíìtì àti fọ́tò nọ́ńbà sórí bébà, kẹ́ ẹ kó o sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣe bó ṣe fẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Ọ̀rọ̀ dúróònù yàtọ̀ pátápátá. Àní bó bá jẹ́ tiyín, bó bá sì ti lo ọdún lọ́wọ́ yín, ó nílò ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn fún Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Láìsí i, wọ́n á gbà á.

Níwájú aṣọ́bodè

Ẹ kí i, kẹ́ ẹ dáhùn ohun tó béèrè, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rọ, ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn án, kẹ́ ẹ gbé ìwé lé e lọ́wọ́ kó fi wé ara wọn. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń sọ Yorùbá, ẹ kí i ní Yorùbá, kò sí aburú níbẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí "ọmọ ìyá wa ni" rọ́pò rìsíìtì. Ọ̀gá rẹ̀ lè wá láti Katsina tàbí Benue.

Bí ẹ bá ra nǹkan bọ̀ lóòótọ́, ẹ sọ ọ́. Lọ́dún 2025, àjọ kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kéde pé ẹrù kékeré tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 300 lọ kò ní san owó ẹnubodè, ẹrù inú báágì èrò ọkọ̀ òfuurufú sì wà lára rẹ̀. Bí tiyín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, kẹ́ ẹ san án sí àpò ìjọba, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yẹn dáadáa, òun gan-an ni ẹ̀rí yín nígbà tí ẹ bá tún ń gbé ẹ̀rọ ọ̀hún rìnrìn àjò.

Àwọn ọmọ yín tó ń gbé lókè òkun, tó bá wá kí yín tó fẹ́ padà, àwọn náà ní tiwọn. Ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà lè gba Fọ́ọ̀mù 4457 lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ibẹ̀ kó tó kúrò: òṣìṣẹ́ á wo ẹ̀rọ náà àti nọ́ńbà rẹ̀, á lu fọ́ọ̀mù náà lóǹtẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ẹrù tuntun tó ju pọ́n-ùn 390 lọ ní ń fa owó sísan fún ẹni tó bá ọkọ̀ òfuurufú dé, nítorí náà kí wọ́n gbé rìsíìtì ohun tí wọ́n ti rà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dání.

Bí aṣọ́bodè bá ṣì ní òun máa dá ẹ̀rọ yín dúró, ẹ má jà, ẹ má sì fi owó sí i lọ́wọ́. Ẹ gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á, kẹ́ ẹ rí i pé S/N wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti ipò òṣìṣẹ́ náà, ọjọ́ àti ìdí tí wọ́n fi gbà á. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn lójú wọn kẹ́ ẹ tó kúrò, kẹ́ ẹ wá padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ojúlówó rìsíìtì tí ẹ fi sílẹ̀ nílé.