Bí Mo Ṣe Da Fọ́tò Ojú Pọ̀ Láti Fi Ya Àwòrán

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ojú tí a dà pọ̀ láti ara fọ́tò ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò lẹ́wà tó ohun tí ayàwòrán lè máa wò ya. Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dán irú rẹ̀ wò ní ọdún 1878: ó to fọ́tò àwọn ọ̀daràn lé ara wọn, ó ń wá ojú tí a fi ń dá ọ̀daràn mọ̀, àmọ́ ojú tó rí dára ju ti àwọn tó ní fọ́tò lọ.

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo sì ya wọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, láìrẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín máa ń fa igun ẹnu kúrò ní ipò rẹ̀. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, mo gbé fọ́tò kọ̀ọ̀kan sórí ìpele tirẹ̀, mo ń yí i, mo ń sún un, títí ẹyinjú méjèèjì fi bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ìpele kọ̀ọ̀kan yóò ṣe hàn tó ló gba ìṣirò: ti ìsàlẹ̀ pátápátá wà ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì 50, ẹ̀kẹta 33, ẹ̀kẹrin 25, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dínkù lọ. Bí gbogbo wọn bá wà ní 50, ẹni tó wà lókè pátápátá yóò gba ìdajì ojú náà fún ara rẹ̀ nìkan.

Ojú tó jáde dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó wù mí, ṣùgbọ́n mo fura sí ẹwà náà, torí pé irorẹ́ tàbí àpá tó wà lójú ẹnìkan kò sí níbẹ̀ lójú ẹlòmíràn, ni gbogbo rẹ̀ bá pòórá. Etí àti irun náà sì rí bí èéfín. Lóòótọ́, àwọn olùṣèwádìí Langlois àti Roggman fi hàn ní 1990 pé àwọn ènìyàn ka ojú tí a fi fọ́tò 16 tàbí 32 ṣe sí arẹwà, àmọ́ ní 1994 Perrett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ojú tí a fi kìkì àwọn arẹwà ṣe tún ta ojú gbogbogbòò yọ.

Nígbà tí mo fi èédú ya ojú náà, kò jọ ẹnikẹ́ni. Mo wá gbé fọ́tò ọ̀rẹ́ mi kan lé e lórí ní 50, lójú ẹsẹ̀ ni mo rí i pé ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra ju ti ojú àdàpọ̀ náà lọ, àti pé àgbọ̀n rẹ̀ gùn díẹ̀ sí i. Ibi méjèèjì yìí ni mo tẹ èédú mọ́ jù nínú àwòrán rẹ̀, ó sì jọ ọ́ ju èyíkéyìí tí mo ti yà tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, òṣùwọ̀n ni mo ń fi ojú àdàpọ̀ náà ṣe. N kò tún yà á mọ́.