Bí òdòdó ara fẹ́ǹsì yín bá ń hu ewé lásán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́ o. Mo ń rí butterfly pea lára fẹ́ǹsì káàkiri Tanke, ní Ìlọrin, báyìí, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ òdòdó búlúù yẹn ò tó nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ tàbí yúríà sí i mọ́. Ìdílé kan náà lòun àti ẹ̀wà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú gbòǹgbò rẹ̀ ń bá a mú nitrogen, oúnjẹ tó ń mú ewé hu, látinú afẹ́fẹ́, tí ẹ bá tún wá fi ajílẹ̀ kún un, ewé ni yóò máa hu ṣáá. Kó rí oòrùn dáadáa, kí ẹ sì máa gé orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ara ẹ̀ka tuntun ni òdòdó ti ń yọ.

Ti irúgbìn ló ká mi lára jù. Ẹ má já gbogbo òdòdó tán torí pé ẹ fẹ́ fi se tíì. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kó so. Èso rẹ̀ gùn, ó rí pẹlẹbẹ. Tó bá ti gbẹ, tí ẹ mì í, tí ohun inú rẹ̀ ń dún, ẹ tètè ká a. Tí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, ṣe ló máa là pàá, tí irúgbìn á fọ́n ká sílẹ̀. Èèpo irúgbìn náà le gan-an. Ẹ fi pépà tí káfíńtà fi ń ha igi ha ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ tó gbìn ín nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn, ó wà lọ́wọ́ mi.