Bí a ṣe ń fi iná àti omi mọ irú òwú tó wà nínú aṣọ

Aṣọ funfun mẹ́ta lè wà lórí àtẹ kan náà ní Gbági, ọjà aṣọ n'Ìbàdàn, kí gbogbo wọn máa dán, kí ẹni tó ń tà á sì pe gbogbo rẹ̀ ní kọ́tìnnì, ìyẹn òwú oko. Ẹ má fi ojú nìkan dá a mọ̀. Kí ẹ tó ra odindi ìdì, ẹ ní kí wọ́n gé etí rẹ̀ díẹ̀ fún yín, kí ẹ lọ dán an wò.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ègé náà, kí ẹ sì sá a kó gbẹ, torí sítáàṣì máa ń jó bíi ìwé, ó sì lè tàn yín jẹ. Ẹ fa òwú mélòó kan yọ lóòró, kí ẹ fa ti ìbú sọ́tọ̀, nítorí irú òwú kan lè wà lóòró kí òmíràn wà níbùú. Ẹ lọ́ wọn pọ̀, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ fi ẹ̀mú irin dì í mú lókè àwo tángaran tí omi wà nínú rẹ̀. Iná àbẹ́là ti tó. Kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ sí nítòsí.

Òwú oko kì í sá fún iná. Ó ń gbiná kíá, ó ń rùn bíi ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ sì máa ń kúnná. Bí ẹ bá fẹ́ iná náà pa, ẹnu rẹ̀ á ṣì máa pọ́n fúngbà díẹ̀. Ṣẹ́dà, sányán gidi àti irun àgùntàn á ká kò, wọ́n á jó díẹ̀díẹ̀, òórùn irun tó jóná ni ẹ ó sì gbọ́. Nítorí náà, bí “sányán” olówó gọbọi bá ń rùn bíi ìwé, kì í ṣe sányán.

Pọ́lísítà, tí wọ́n ń fi epo rọ̀bì ṣe, á súnkì kúrò lẹ́nu iná, á yọ́, á máa kán tó, tó, pẹ̀lú èéfín dúdú. Bó bá tutù, á di kóró líle tí èékánná kò lè fọ́. Náílọ́ọ̀nù náà ń yọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ohun tó ń kán o. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara.

Rẹ́yọ̀n ló nira. Igi ni wọ́n fi kẹ́míkà yọ́ kí wọ́n tó fà á di òwú, ìdí nìyẹn tó fi ń jó gẹ́lẹ́ bí òwú oko. Omi ni kí ẹ fi dá a mọ̀. Ẹ rin àárín òwú kan, kí ẹ fà á já. Rẹ́yọ̀n á já wẹ́rẹ́ níbi tó tutù; òwú oko máa ń lágbára sí i nínú omi, ibi gbígbẹ ni yóò ti já. Ẹ dán bíi márùn-ún wò, torí òwú kan lè ní àléébù tirẹ̀. (Aṣọ tí wọ́n ń polówó pé ọparun ni, rẹ́yọ̀n ni púpọ̀ nínú wọn.) Asitéètì náà ti ara igi wá, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ nínú iná, ó ń rùn bíi fíníkà, asitóònù, omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, sì ń yọ́ ọ.

Bí kóró líle bá wà nínú eérú rírọ̀, àdàlù òwú oko àti pọ́lísítà ni. Èyí gan-an ló ń kó bá aláró. Ẹlú á mú òwú oko, kò ní mú pọ́lísítà. Bí ẹ bá ṣan aṣọ náà tán, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, á dà bí èyí tí wọ́n ti wọ̀ gbó. Rírẹ ẹ́ léraléra kò ràn án, nítorí pọ́lísítà kì í mu omi. Aró tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ló ní, tí wọ́n ń sè ní nǹkan bíi 130°C nínú ẹ̀rọ tó dé pa, kì í ṣe nínú ìkòkò. Rẹ́yọ̀n ń mu aró dáadáa, àmọ́ ẹ má lọ́ ọ fún nígbà tó bá tutù, á ya.