Sealant ló ń ṣáájú wax o

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọyẹ́ ti fẹ́ dé, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á fẹ́ pa nǹkan sára mọ́tò kí eruku tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, sealant, ìyẹn kẹ́míkà tó ń dáàbò bo ọ̀dà mọ́tò, lẹ máa kọ́kọ́ fi, kí wax tó ń mú un dán wá gun orí ẹ̀. Sealant gbọ́dọ̀ dì mọ́ ọ̀dà mọ́tò fúnra ẹ̀ kó tó lè pẹ́, tí wax bá ti ṣáájú, bí ẹni ń lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ abọ́ tó ṣì lọ́ràá ni.

Ẹ fọ mọ́tò, ẹ nu ú gbẹ, ẹ wá ibòji. Tẹ́ ẹ bá gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń jó yín, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ẹ pa sealant fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó bá nípọn, wàhálà àtinù ẹ̀ nìkan lẹ máa jẹ, ẹ nu ú kúrò bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ wákàtí 12 sí 24 láìfojú kan omi, àwa tá à ń páàkì síta ní Súrùlérè, ká yáa wojú ọ̀run dáadáa ká tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni carnauba wax, ìyẹn wax tó ń wá látara ewé ọ̀pẹ kan, kàn. Òun ló ń jẹ́ kí mọ́tò dúdú dán bíi kéèyàn máa wo dígí, àmọ́ kì í pẹ́ lóòrùn, sealant abẹ́ ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ gidi, àgàgà fẹ́yin ará Lẹ́kí tí atẹ́gùn òkun oníyọ̀ ń fẹ́ lù. Ẹ má ra cleaner wax, ìyẹn wax tó tún ń ha ìdọ̀tí kúrò, fún èyí ṣá, á kàn ha sealant yín dànù ni. Àwọn ọmọ car wash tó ń fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ mọ́tò náà ńkọ́? Ọṣẹ yẹn á bó wax yín kúrò, ẹ gbé shampoo mọ́tò tiyín dání.