Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ò gba address lórí Ubuntu: bí mo ṣe wá ìdí ẹ̀ rí

Kọ̀ǹpútà tí mò ń sọ yìí wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan n'Ìbàdàn, ibi tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìpè, ìwé ètò ìsìnkú, báńà àti gbogbo nǹkan báyẹn. Kò sí desktop lórí ẹ̀ rárá, Ubuntu Server 22.04 lásán ni (oríṣi Linux kan tí wọ́n ń fi àṣẹ tí wọ́n bá tẹ̀ darí), iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa tọ́jú fáìlì àwọn kọ́sítọ́mà lọ, kí àwọn kọ̀ǹpútà Windows tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù máa gba Samba (ètò tó ń jẹ́ kí Windows rí fódà orí Linux) wọlé wá mú iṣẹ́. Address ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà táwọn kọ̀ǹpútà yòókù fi ń rí i lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í yí, 192.168.1.50 ni látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n pè mí, wọ́n ní "Àbúrò mi, ẹ̀rọ inú lọ́hùn-ún yẹn ò dá wa lóhùn mọ́ o. Ẹni tó wá fi disk tuntun sí i ní ráútà ló bàjẹ́, pé ká lọ ra òmíì." Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra nǹkan kan, ṣé àwọn Windows yẹn ń rí íńtánẹ́ẹ̀tì? Wọ́n ní wọ́n ń rí i dáadáa. Ó tán, ráútà ò mọwọ́mẹsẹ̀ nìyẹn. Àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí, ẹnu wa máa ń yá jù láti ní kí èèyàn lọ ra tuntun, bẹ́ẹ̀ àpò tiwa kọ́ lowó ọ̀hún ti ń jáde.

Wọ́n wá sọ nǹkan kan tó jẹ́ kí etí mi dìde, wọ́n ní torí kó lè máa yára làwọn ṣe ra disk yẹn, àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti fi sí i ló ti ń pẹ́ kó tó tàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. SSD tó jẹ́ NVMe, oríṣi disk tó máa ń yára gan-an, ni wọ́n fi sí i o, ìyẹn ò yẹ kó falẹ̀ láé.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo so monitor àti keyboard mọ́ ọn, mo tàn án, mo kàn ń wò ó. Ó sáré lọ dáadáa, àfi ìgbà tó dórí ìlà kan báyìí tó ní "A start job is running for Wait for Network to be Configured", ibẹ̀ ló dúró sí. Ohun tó ń dúró níbẹ̀ ni systemd-networkd-wait-online, ìyẹn máa ń retí kí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ sínú setting dìde kó sì gba address, tí kò bá rí i ní 120 sẹ́kọ́ńdì á jọ̀wọ́ ẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá máa bá tiẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà yìí ń retí ẹnì kan tí ò ní wá. Mo ti ń fura sí ibi tọ́rọ̀ ń lọ látibẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ìfura ṣiṣẹ́.

Mo yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, iná kankan ò tàn létí ihò wáyà. Mo yọ wáyà tó wà lára ọ̀kan nínú àwọn Windows tó ń ṣiṣẹ́, mo fi í síbẹ̀, iná ò tàn náà. Mo wá tẹ `ip link`, ohun tó gbé jáde rèé:

```
2: enp3s0: <BROADCAST,MULTICAST> mtu 1500 qdisc noop state DOWN
```

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka ohun tó wà láàárín àmì `<` àti `>` yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á, state DOWN ni wọ́n máa ń rí tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í já wáyà. Tó bá jẹ́ wáyà lẹ́jọ́, NO-CARRIER lẹ máa rí níbẹ̀, pẹ̀lú UP lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti jí káàdì, òun ló ń wo wáyà tí kò rẹ́ni lápá kejì. Èyí ò ní UP, kò ní NO-CARRIER, kò sẹ́ni tó jí i rárá ni. `networkctl` náà sọ bẹ́ẹ̀, ó ní enp3s0 "off", "unmanaged".

Mo wá fọwọ́ ara mi jí i:

```
sudo ip link set enp3s0 up
sudo ip addr add 192.168.1.50/24 dev enp3s0
sudo ip route add default via 192.168.1.1
```

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tí mo tẹ ti àkọ́kọ́ niná tàn lẹ́yìn. Mo ping 192.168.1.1, ráútà dáhùn, mo ping 8.8.8.8, ìyẹn náà dáhùn. Nǹkan tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn, pé káàdì yè, driver (ètò tó ń darí káàdì) yè, wáyà ń gbé nǹkan, ráútà ń gbé wa jáde. Gbogbo ohun téèyàn bá fi `ip` ṣe báyìí á pòórá tẹ́ ẹ bá ti reboot, torí náà àyẹ̀wò ni, kì í ṣe àtúnṣe, mo ti rí ẹni tó ṣe é tó gbowó lọ ilé, tí wọ́n mú iná lọ lóru, tí wọ́n tún fi fóònù jí i láàárọ̀.

Ó wá ku ibi tí setting wà. Lórí Ubuntu Server 22.04, inú `/etc/netplan/` ni (netplan ni ètò tí Ubuntu fi ń ka setting nẹ́tíwọ́ọ̀kì), fáìlì tí installer máa ń kọ síbẹ̀ ni `00-installer-config.yaml`. Mo `cat` ẹ̀, mo rí address, mo rí gateway (address ráútà), gbogbo ẹ̀ pé, àmọ́ orúkọ káàdì tó wà níbẹ̀ ni enp2s0. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà báyìí, enp3s0.

Báwo ni káàdì tí ẹnikẹ́ni ò yọ á ṣe yí orúkọ padà? Mo tẹ `lspci`, tó ń to àwọn ohun tó so mọ́ inú kọ̀ǹpútà àti ibi tí kálukú jókòó sí:

```
02:00.0 Non-Volatile memory controller
03:00.0 Ethernet controller: Realtek RTL8111/8168
```

(mo ti gé ìyókù ìlà yẹn dànù). Disk tuntun ló jókòó sí 02, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá sún sí 03. Kí n má bàa máa sọ àsọdùn, mo wo log (àkọsílẹ̀ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà) ìgbà tí wọn ò tíì fi disk sí i. `journalctl --list-boots` á fi gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti tàn hàn yín, mo mú ọ̀kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, mo fi nọ́ńbà ẹ̀ sí `journalctl -k -b`, mo wá ọ̀rọ̀ "renamed", ó ní `r8169 0000:02:00.0 enp2s0: renamed from eth0`. Mo wo ti òní, 03:00.0, enp3s0. Ẹjọ́ ti parí.

Láyé àtijọ́ eth0, eth1 ni wọ́n máa ń pè wọ́n, ó rọrùn láti rántí, wàhálà ẹ̀ ni pé tí káàdì bá jẹ́ méjì, èyí tó bá kọ́kọ́ jí ló máa ń gba eth0, tó bá dọ̀la ẹnì kejì lè gbà á. Ìgbà tí systemd 197 (systemd ni ètò tó ń tan gbogbo nǹkan lórí Linux) dé lọ́dún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ibi tí káàdì jókòó sí sọ ọ́ lórúkọ: "en" ni ethernet, "p3" ni bus PCI kẹta (PCI ni ọ̀nà tí káàdì fi ń so mọ́ inú kọ̀ǹpútà), "s0" ni slot òdo. Ó dà bí ilé tí wọ́n ti ń pe ayálégbé ní "Bàbá yàrá kejì", ó dáa náà, àfi lọ́jọ́ tí lándílọ́ọ̀dù bá gba àlejò kan sí yàrá kejì tí Bàbá kó sí yàrá kẹta, lẹ́tà ẹ̀ á ṣì máa lọ sí yàrá kejì. Èmi ò bá wọn jà lórí ẹ̀ o, ó ju eth0 lọ, ṣùgbọ́n kọ́ǹfígì tó bá ní láti dúró pẹ́ ò yẹ kó gbára lé nọ́ńbà yàrá.

Àwọn kan á kàn yí 2 sí 3 nínú fáìlì yẹn wọ́n á sì máa lọ. Ó máa ṣiṣẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún fi nǹkan míì sí i a tún padà síbẹ̀. MAC address káàdì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára káàdì fúnra ẹ̀, ni mo fi mú un, ìyẹn ló tẹ̀ lé "link/ether" tẹ́ ẹ bá tẹ `ip link`, kì í bá ibi ìjókòó yí, mo sì fún un lórúkọ tó yé ènìyàn. Mo kọ́kọ́ da fáìlì àtijọ́ kọ síbòmíì tí kò sí nínú `/etc/netplan/`, torí netplan máa ń ka gbogbo `.yaml` tó bá bá níbẹ̀, mo wá kọ èyí dípò ohun tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀:

```
network:
  version: 2
  ethernets:
    lan0:
      match:
        macaddress: "xx:xx:xx:xx:xx:xx"
      set-name: lan0
      addresses: [192.168.1.50/24]
      routes:
        - to: default
          via: 192.168.1.1
      nameservers:
        addresses: [192.168.1.1, 8.8.8.8]
```

Ẹ má fi Tab síbẹ̀ o, space nìkan, YAML, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ fáìlì yẹn, ò ní gbà fún yín. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, `sudo netplan try` ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má sáré lọ sí `apply`: tí ohun tẹ́ ẹ kọ bá burú, tẹ́ ò sì tẹ Enter láàárín 120 sẹ́kọ́ńdì, á dá ti àtijọ́ padà fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ti SSH láti òkèèrè wá (tó gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé sórí kọ̀ǹpútà) mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀. Mo reboot, kò dúró níbi kankan mọ́, ó sáré débi login bó ṣe yẹ kí SSD sáré.

Àwọn Windows wá ń rí i tí wọ́n bá ping, fódà nìkan ni ò ṣí. Ẹ̀gbọ́n ti ń wò mí. Mo tẹ `sudo grep -rn enp2s0 /etc`, kó bá mi wá gbogbo ibi tí wọ́n ṣì ti ń pe orúkọ àtijọ́ yẹn, ó sì rí ọ̀kan nínú `/etc/samba/smb.conf`, níbi tí wọ́n kọ `interfaces` sí, pẹ̀lú `bind interfaces only = yes` nísàlẹ̀ ẹ̀. Samba ò fẹ́ tẹ́tí sí ibòmíì yàtọ̀ sí enp2s0 tí kò sí láyé mọ́ nìyẹn. Mo yí i sí lan0, mo `sudo systemctl restart smbd`, fódà ṣí.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí, àmọ́ ọmọbìnrin tó ń ṣe báńà ní fáìlì òun máa ń pẹ́ gan-an kó tó wọlé, mo wá da fáìlì kan kọ, kò kọjá 11MB ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ìyẹn máa ń jọ 100Mb/s, torí 100 tẹ́ ẹ bá pín in sí 8 ò lè ju 12.5 lọ. `sudo ethtool lan0` ní "Speed: 100Mb/s" lóòótọ́, mo wo `sudo dmesg`, kernel (ọkàn Linux fúnra ẹ̀) ti sọ tẹnu ẹ̀, pé iyára ti já wálẹ̀, ká yẹ wáyà wò: "Downshift occurred from negotiated speed 1Gbps to actual speed 100Mbps, check cabling!" Ráútà gigabit, káàdì gigabit, wáyà ló kù. 100Mb/s ò nílò ju wáyà 1, 2, 3 àti 6 nínú mẹ́jọ tó wà níbẹ̀, gigabit ń lo gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, nítorí náà tí ọ̀kan nínú àwọn tó kù bá já, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ṣì máa ṣiṣẹ́, á kàn máa wọ́ tìrítìrí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo wo orí wáyà náà dáadáa, buráùn ò wọlé dé ìparí, ẹni tó kírímpù ẹ̀ (tó fi orí sí wáyà) ti kánjú. Mo gé e, mo tún un tò: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-buráùn, buráùn. Apá kejì náà bẹ́ẹ̀. Mo tẹ `ethtool` padà, 1000Mb/s, mo ní kí ọmọbìnrin yẹn tún da fáìlì báńà ẹ̀ kọ, ó kọjá 100MB ní sẹ́kọ́ńdì.