Kí ìgbìmọ̀ ìlú tó buwọ́ lu ìkéde ẹgbẹ́ yín

Bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, àwọn ẹgbẹ́ wa á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì akọ̀wé ìlú. Ní California níbí, irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ka àwọn lẹ́tà náà. Wọ́n fẹ́ kí ìlú kéde ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ní ọjọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà, tàbí kí wọ́n ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún àṣà Yorùbá. Ohun tó dáa ni. Àmọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ oyè lọ́wọ́ ọba: oríkì ló kún inú rẹ̀, ohun tí ìlú fẹ́ mọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìkéde yìí kì í ṣe òfin, kò mú owó dání, kò sì sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìsinmi. Ti pàjáwìrì tí wọ́n ń ṣe nígbà iná igbó tàbí ìmìtìtì ilẹ̀ yàtọ̀. Ìyẹn ní agbára òfin lẹ́yìn. Tiwa, bébà ni, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìlú àti ìbuwọ́lù mẹ́yọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú ló wà lórí rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣọ́ra. Wọn kì í bi ara wọn pé ṣé ẹgbẹ́ yìí dáa. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, "Bí a bá ṣe é fún àwọn wọ̀nyí, ta ló tún ń bọ̀ lọ́la, kí la ó sì fi dá a lóhùn?"

Wọn ò kàn ń ṣojo. Ní London ti Ontario, ní Kánádà, mẹ́yọ̀ kọ̀ láti ṣe ìkéde fún Pride, ayẹyẹ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Ní 1997 ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní kí mẹ́yọ̀ náà àti ìlú san $10,000. Ti Boston tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú náà ti gba àwọn ẹgbẹ́ láàyè láti ta àsíá wọn níwájú ilé ìjọba ìlú fún ayẹyẹ 284, wọn kò sì kọ̀ fún ẹnì kan. Ní 2017, ẹnì kan mú àsíá tó ní àgbélébùú wá, wọ́n kọ̀ fún un. Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún 2022, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dá Boston lẹ́bi: ìlú tí kò yẹ ohun kan wò rí kò lè dédé wá sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni àwọn àsíá náà. Àtìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìlú ti lọ kọ ìlànà wọn sílẹ̀. Nítorí náà, ìlànà ìlú yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ohun tí ẹ ó sábà bá níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìlú gan-an, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ọjà títà, ti ìpolongo ìbò tàbí ti ẹ̀sìn. Ẹ wo ẹni tó ń buwọ́ lù ú pẹ̀lú. Ní ìlú kan, mẹ́yọ̀ nìkan ni. Ní òmíràn, ẹ nílò kánsẹ́lọ̀ kan tàbí méjì tí yóò gbé e dìde. Ibòmíràn, wọ́n á kó àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní àríyànjiyàn jọ, wọ́n á dìbò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí tiyín wà. Ìkéde tí wọ́n bá ti ṣe lọ́dún tó kọjá kì í ni wá lára. Tuntun ni wọ́n ń yẹ̀ wò fínnífínní.

Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Níwọ̀n bí" ti tó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun tí a lè yẹ̀ wò: ọdún tí ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kíláàsì èdè tí ẹ ń ṣe fáwọn ọmọdé ní Sátidé, oúnjẹ tí ẹ ń pín. Lẹ́yìn náà ni "Nítorí náà", orúkọ mẹ́yọ̀ àti ọjọ́ ayẹyẹ. Bí mo bá rí "ìran tó ga jùlọ ní Áfíríkà", mo máa ń pa á rẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ọdún Ifá, ẹ kọ ọ́ bí ìtàn àti àṣà, ẹ má pe ìlú wá jọ́sìn. Bákan náà ni fún ẹ̀yin onísọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá Nation ńkọ́? Ẹ má bínú sí mi, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kánsẹ́lọ̀ tí ọ̀rọ̀ títì àti omi ń dà láàmú kò ní tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ìpínyà orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ẹ fi ránṣẹ́, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Ní California, òfin ní kí ètò ìpàdé ìgbìmọ̀ wà lójútáyé ní wákàtí 72 ṣáájú ìpàdé, akọ̀wé ìlú ò sì lè sún un nítorí pé ààrẹ ẹgbẹ́ ń rìnrìn àjò. Ẹni méjì ti tó láti gba ìwé náà. Bí ẹ bá fẹ́ lu gángan nínú gbọ̀ngàn, ẹ tọrọ àyè ṣáájú. Àwọn kan ti gbé e wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni rí, bí mẹ́yọ̀ ṣe ń pè wọ́n ni ìlù ń bò ó mọ́lẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má jà. Ẹ bi kánsẹ́lọ̀ àdúgbò yín bóyá yóò fún yín ní ìwé ìgbóríyìn. Orúkọ òun nìkan ló máa ń wà lórí ìyẹn, kò sábà nílò ìbò, ẹ sì lè gbà á níbi àríyá yín gan-an.