Bí mo ṣe bá àbúrò mi dé kóòtù lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní London

Ẹni tó bá ti Nàìjíríà kó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi láísẹ́ńsì ilé wakọ̀ fún oṣù 12 péré, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń gbé níbí. Bí ọdún náà bá ti pé, láísẹ́ńsì yẹn ò níṣẹ́ mọ́ nìyẹn. Ará South Africa tàbí Zimbabwe lè gbé tiwọn kalẹ̀ kí wọ́n fi ti ibí pààrọ̀ rẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà ò sí lára wọn, àfi ká ṣe ìdánwò látìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ò mọ èyí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe, òru ló sì sábà máa ń jáde. Ó ra ọkọ̀, ó ń san owó ìńṣọ́ránsì lóṣooṣù, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tí kò tàn ló mú kí ọlọ́pàá dá a dúró. Wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n fi kàn án: pé kò ní láísẹ́ńsì tó bófin mu, àti pé kò ní ìńṣọ́ránsì. Ẹ̀sùn kejì yìí ló wúwo jù, nítorí ó wà nínú ìwé ìńṣọ́ránsì rẹ̀ pé ẹni tí láísẹ́ńsì rẹ̀ bá òfin ibí mu nìkan ni wọ́n ń dáàbò bò.

Nígbà tí lẹ́tà dé, ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò ní dá mi padà sílé báyìí?" Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan títí màá fi dé.

Single Justice Procedure Notice ni wọ́n kọ sórí lẹ́tà náà, ìyẹn ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n lè dá láìjẹ́ pé èèyàn wá sí kóòtù. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fún èèyàn láti fèsì: pé o jẹ̀bi, o ò sì ní wá sí kóòtù, pé o jẹ̀bi, ṣùgbọ́n o fẹ́ wá sọ tẹnu rẹ, tàbí pé o ò jẹ̀bi. Mo ti rí ilé àwọn ará wa tí irú lẹ́tà yìí ń sùn sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Bí o ò bá fèsì, májísíréètì (adájọ́ kóòtù kékeré) kan ṣoṣo àti olùdámọ̀ràn rẹ̀ nípa òfin á jókòó ti ìwé rẹ, wọ́n lè dá ọ lẹ́bi láìrí ojú rẹ, wọ́n á sì fojú bu iye tó ń wọlé fún ọ kí wọ́n tó bu owó ìtanràn lé ọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé a máa rí lọ́yà ọ̀fẹ́ ní kóòtù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ tó máa ń wà níbẹ̀ kì í sábà gba ẹjọ́ tí kò lè sọni sẹ́wọ̀n, wíwakọ̀ láìní ìńṣọ́ránsì ò sì ní ẹ̀wọ̀n nínú. A sanwó fún lọ́yà kan fún ìmọ̀ràn, ó sì tọ́ owó náà. Ó ní kí àbúrò mi gbà pé òun jẹ̀bi, nítorí òfin ò béèrè bóyá o mọ̀ tàbí o ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè bẹ kóòtù pé ìdí pàtàkì kan wà tí kò fi yẹ kí wọ́n fún òun ní pọ́ìntì (àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sínú àkọsílẹ̀ awakọ̀), ìyẹn bí ẹnì kan bá ṣì í lọ́nà tó fi gbà tọkàntọkàn pé òun ní ìńṣọ́ránsì. Ó tún kìlọ̀ fún wa: ẹni tó bá tètè gbà pé òun jẹ̀bi máa ń jèrè ìdá kan nínú mẹ́ta ìtanràn, tí wọ́n á yọ fún un, ṣùgbọ́n bí kóòtù bá gbọ́ àlàyé rẹ̀ tí wọn ò gbà á, ìdajì èrè yẹn á lọ. A rò ó síwá sẹ́yìn. Àbúrò mi ní òun fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn òun.

Nígbà tí a ń kọ fọ́ọ̀mù owó tó ń wọlé fún un, ó fẹ́ kọ owó tó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo síbẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́, àmọ́ kó mọ̀ pé owó tó ń wọlé lẹ́yìn owó orí ni wọ́n ń wò jù. A tún bèèrè ògbufọ̀ Yorùbá. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí àyà rẹ̀ ń já lè gbàgbé èdè, kóòtù ló sì ń sanwó ògbufọ̀.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, a ti dé kóòtù kí aago mẹ́wàá tó lù. Wọ́n yẹ ara wa wò lẹ́nu ọ̀nà, òṣìṣẹ́ kan tó wọ aṣọ dúdú kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a sì jókòó dúró pẹ́. Ẹjọ́ àwọn mìíràn kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin kan mutí wakọ̀. Fún ìyẹn, oṣù 12 ni ó kéré jù tí wọ́n lè fi gba ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n ní bó bá parí ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń ṣe fún irú wọn, wọ́n á dín in kù. Obìnrin kan ti kó pọ́ìntì 12 jọ láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n sì fẹ́ gba ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ó búra, ó ṣàlàyé bí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ṣe gbára lé ọkọ̀ yẹn, wọ́n sì bi í ní ìbéèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Májísíréètì mẹ́ta ló jókòó gbọ́ tàbúrò mi. Wọn kì í ṣe lọ́yà, wọn ò sì ń gbowó oṣù. Ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, ó di Bíbélì mú, ó sọ tirẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba bi í bóyá ó ka ìwé ìńṣọ́ránsì náà. Ó ní òun ò kà á tán. Wọ́n jáde lọ gbìmọ̀. Nígbà tí wọ́n padà, èyí tó jókòó láàárín sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àwọn gbà pé olóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣì í lọ́nà. Àìkàwé kì í ṣe ìdí pàtàkì.

Wọ́n fún un ní pọ́ìntì mẹ́fà, èyí tó kéré jù lórí ẹ̀sùn yẹn, wọn ò sì gba ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. £420 ló ń wọlé fún un lọ́sẹ̀. Ìlọ́po kan àtààbọ̀ rẹ̀ ni ìtanràn, £630, wọ́n wá yọ ìdá kan nínú mẹ́fà, ìyẹn ìdajì èrè tí lọ́yà sọ, ó ku £525. Wọ́n fi £210 lé e, ìyẹn ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìtanràn náà tí wọ́n ń gbà fún àwọn tí wọ́n bá ṣẹ̀, pẹ̀lú owó ẹjọ́. Wọn ò bu ìtanràn mìíràn lórí ti láísẹ́ńsì. Wọ́n gbà kó máa san án díẹ̀díẹ̀.

Pọ́ìntì náà á wà nínú àkọsílẹ̀ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí láísẹ́ńsì, fún ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tó ṣẹ̀. Bó bá yege ìdánwò láàárín ìgbà tí wọ́n ṣì lágbára, pọ́ìntì mìíràn kan ní ọdún méjì àkọ́kọ́ á gba láísẹ́ńsì rẹ̀. Ní ti ìbẹ̀rù rẹ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìdápadà sílé ní kóòtù, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ ìdájọ́ yìí sínú fọ́ọ̀mù Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá bi í. Mo ti ní kó tọ́jú ìwé ìdájọ́ náà sínú fáìlì físà rẹ̀. Ó ti san £34 fún láísẹ́ńsì akẹ́kọ̀ọ́, bọ́ọ̀sì òru ló sì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí.